Ẹni Tí Okùn Bọ́ Mọ́ Lọ́wọ́

Eyín ló fi ń fà á. Ìbọ̀wọ́ awọ ńlá ni, irú èyí tí a máa ń wọ̀ lé ìbọ̀wọ́ onírun lórí kí okùn má baà jẹ ọwọ́ wa. Ó ti ọwọ́ òsì bọ inú rẹ̀, ó fi eyín iwájú di etí awọ náà mú, ó sì ń fà á díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn bí ti adìẹ tó ń mu omi, títí àtàǹpàkò fi jókòó sí àyè rẹ̀. Ó ká àwọn ìka rẹ̀ kò. Ó tú wọn. Awọ náà ké. Ó tún ká wọn kò, lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́tẹ̀ yìí, láti ọmọńdinrín wá, bí ìyá tó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ lójú kó tó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ náà gbá itan ara rẹ̀. Pàá.

"Mo ti ṣe tán," ni Noeline wí.

Kò sẹ́ni tó bi í.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni, nínú oṣù Kẹjọ, tí í ṣe àárín ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, ní ìdí òkè Kellick. Yìnyín ti rọ̀ mọ́jú. Afẹ́fẹ́ kò sí rárá. Òtútù tó mọ́ tónítóní, irú èyí tó ń mú kí imú ẹni lẹ̀ mọ́ra bí a bá mí sínú. Àwọn tó ní iṣẹ́ wà níbi iṣẹ́ wọn nísàlẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Àwa tó ṣẹ́ kù la ni òkè ní Ọjọ́rú. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Àgbẹ̀ tó ti fún àgùntàn rẹ̀ ní koríko gbígbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mele, nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí ojú ọ̀nà tààrà láì tíì sùn. Alby Munro jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó ń da tíì láti inú fúláàsì. Kea méjì, àyékòótọ́ olóríkunkun orí òkè wa, ti ń fa rọ́bà etí fèrèsé ọkọ̀ ẹnìkan ya. A lé wọn. Wọ́n padà wá.

Kellick kò ní àga tó ń gbé ènìyàn gba ojú òfuurufú gòkè. Okùn la ní. Okùn kan ṣoṣo, tó ń sáré láti ìdí òkè dé góńgó, lórí àwọn wíìlì irin tí a kàn mọ́ òpó, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ló sì ń fà á. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà ní Ọjọ́rú. Wàá wọ síkì, pátákó gígùn méjì tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, sẹ́sẹ̀; bẹ́líìtì ni wàá so mọ́ ìbàdí, ẹ̀mú irin kan á sì máa fì lára rẹ̀. Wàá fi ọwọ́ òsì di okùn mú kó kọ́kọ́ fà ọ́, kí eré ẹ̀yin méjèèjì dọ́gba. Wàá fi ọwọ́ ọ̀tún ju ẹ̀mú bo okùn, wàá pa á dé, wàá dì í mú bí ẹni di gbèsè mú. Ó di òkè. Bí ẹ̀mú bá ti ń gba orí wíìlì kọ̀ọ̀kan kọjá, á dún: ka! Nígbà tó bá dún, kí ìka rẹ má ṣe wà nítòsí. Bàbá Dougal fi ìka méjì sílẹ̀ lórí wíìlì kejì. Noeline ló fi gèlè ọrùn ara rẹ̀ di ọwọ́ náà lọ́jọ́ náà, òun ló sì wa ọkọ̀ gbé bàbá náà sọ̀kalẹ̀. Dougal ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó kéré, ó ń wò.

Dougal Rennick yìí kan náà ló dúró níwájú Noeline báyìí. Oníṣẹ́ iná ni. Òun ni wọ́n yàn ní alága ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Kò wá yọ̀ lórí yìnyín lónìí. Ó gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí Noeline.

"Ẹ gbọ́ ná, Noeline. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo máa so mọ́ okùn lẹ́yìn yín, mo máa wò yín. Tẹ́ ẹ bá dé òkè, ọ̀rọ̀ parí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Tí okùn bá bọ́ lórí wíìlì, ẹ máa gbé ẹ̀mú yín fún mi. A jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló jọ sọ ọ́? Ìwọ lo ń sọ ọ́. Èmi ń jẹ búrẹ́dì mi lọ́wọ́ ní tèmi."

"Ìgbìmọ̀ ló sọ ọ́."

"Ìgbìmọ̀!" Ó yíjú sí wa. "Ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ yẹn tí mi ò nu imú rẹ̀ rí, lórí òkè yìí."

"Tèmi ṣì ń ṣàn," ni Alby wí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Wá nù ún."

"Tìẹ ti dì, Alby. Òòlù ni wọ́n á fi fọ́ ọ."

A rẹ́rìn-ín. Dougal náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láìsí ẹ̀mú, kò sí okùn. Láìsí okùn, kò sí òkè. Bí a ṣe rò ó nìyẹn. Nínú ilé ẹgbẹ́ wa, lẹ́bàá ibi tí a ń sá ìbọ̀wọ́ sí, ògiri kan wà tí a ń gbé ẹ̀mú àwọn tó ti ṣíwọ́ kọ́ sí. Orúkọ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn tí kò kú ń gòkè wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jókòó sẹ́bàá ààrò, wọ́n á máa béèrè bí yìnyín ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí rẹ̀ wọlé. Ọkọ Noeline, Lindsay, wà lórí ògiri náà. Noeline kì í wo ibẹ̀ tó bá ń kọjá.

*

Noeline Strachan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n bí i sí ilé àwọn olùṣọ́ àgùntàn, ní ìsàlẹ̀ odò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ irun àgùntàn wò nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ. Wọ́n á da irun náà sórí tábìlì, ó máa fi ìka méjì fa díẹ̀ yọ, ó máa gbé e sétí, ó máa ta á pàrà kó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó máa pín in: èyí dára, èyí kò dára, èyí ti darúgbó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń sọ fún ẹlòmíràn pé ohun tiwọn ti darúgbó. Kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún òun.

Ó ga. Kò sanra. Ó ń wọ sókòtò òtútù tí Lindsay ń wọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó fi okùn bàtà di ìbàdí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Brisbane, níbi tí yìnyín kì í dé àfi inú fíríìjì. Ọmọ náà ń pè é lọ́jọọjọ́ Àìkú.

"Màmá, ẹ ta síkì yẹn."

"Mo máa kọ́kọ́ ta ilé."

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Gbogbo ìlú ló gbà pé òkè ló ṣẹ́ ẹ. Òkè kọ́. Adìẹ ni. Àgbébọ̀ kan tó ń jẹ́ Duchess sá gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kó ẹyin, òun àti garawa àti ẹyin jọ dé ilẹ̀. Wọ́n fi irin sí i nílé ìwòsàn. Nígbà tó padà délé, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn dé ilé adìẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ fún Duchess pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú nínú àwọn méjèèjì, ẹnìkejì ni yóò jẹ ẹ́.

Nítorí ìbàdí náà, kò bá wa ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tóbi ju bí ẹni tí kò mọ̀ wá ṣe lè rò lọ. Ẹgbẹ́ wa kò ní òṣìṣẹ́. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, gbogbo wa là ń gòkè lọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọ̀dà, a ń gbẹ́ ilẹ̀, a ń ha ìpẹtà kúrò lára wíìlì, a ń tú okùn, a ń ṣe é. Ẹni tí kò gbẹ́ ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú máa ń tì í láti yọ̀ nígbà òtútù. Láti ìgbà tí Noeline ti wọ ẹgbẹ́, kò pa ẹ̀ẹ̀rùn kan jẹ rí. Òpó kẹrin, òun àti Lindsay ló gbẹ́ ihò rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí eyín. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí kò wá yìí la yọ òpó kẹrin. Àpáta ti ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. A gbé e láti ọwọ́ òsì àpáta ńlá sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ó rí i. Kì í ṣe pé kò rí i. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní àárọ̀ yẹn, ó fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn, ó wòkè.

"Ta ló gbé òpó mi lọ síbẹ̀ yẹn? Ó dúró bí ẹni tó ń wá ilé ìtọ̀."

Ojú rẹ̀ rí i. Ara rẹ̀ ni kò gbọ́.

*

Mo ta ẹ́ńjìnnì jí. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Noeline yọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣí ọwọ́ òsì, ó jẹ́ kí okùn gba inú awọ náà kọjá díẹ̀, ó pa ọwọ́ dé. Okùn fà á. Ọwọ́ ọ̀tún ti ju ẹ̀mú kí n tó ṣẹ́jú. Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wo ọwọ́ wọn.

Ó lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún. Dougal so mọ́ okùn tẹ̀lé e.

Ka. Wíìlì kìíní.

Ka. Ìkejì, èyí tó jẹ ìka bàbá Dougal. Mo rí i tí Dougal gbé orí sókè wò ó.

Ka. Ìkẹta.

"Ó ń lọ o," ni Alby wí. Ó ti dìde. Ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún.

Láàárín òpó kẹta àti ìkẹrin ni ibi tí a ń pè ní Ẹ̀yìn Àgbò wà. Ilẹ̀ máa ń yọ gọ̀ǹgọ̀ níbẹ̀, okùn á gbéra sókè. Látijọ́, bí o bá ti gun Ẹ̀yìn Àgbò tán, o gbọ́dọ̀ fi ara sí òsì kí okùn lè jókòó dáadáa sínú wíìlì tó ń bọ̀. Gbogbo wa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Noeline ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n òpó náà ti wà ní ọ̀tún báyìí. Ọ̀tún la ń fi ara sí.

Ó fi ara sí òsì.

Ohun tó ṣe kò burú. Ó ṣe é dáadáa, bí ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀. Okùn fò kúrò nínú wíìlì bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó balẹ̀ sínú yìnyín. Noeline ṣubú lé e, ẹ̀mú rẹ̀ sì tú kúrò lára okùn. Mo pa ẹ́ńjìnnì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ padà wálẹ̀. Orí síwájú, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ síwájú. Síkì kan tú kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀. Ó kọjá lára Dougal bí àpò ìyẹ̀fun, Dougal na ọwọ́, ó mú afẹ́fẹ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ó dúró níwájú ilé ẹ́ńjìnnì, yìnyín kún ẹnu rẹ̀.

A sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mele ló kọ́kọ́ dé.

"Ẹ má mira, Àǹtí. Níbo ló ń dùn yín?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí." Ó tu yìnyín jáde. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí, mo máa bù ú jẹ."

Ó ká orúnkún òsì. Ó nà án. Ó yí ìbàdí rẹ̀ lọ sí ìhín, ó yí i lọ sí ọ̀hún, ojú rẹ̀ kò yẹ̀ lára ìràwọ̀ pupa tó wà lára fìlà Mele. Ó ti ọ̀pá tó fi ń yọ̀ bọlẹ̀. Ó dìde.

Dougal ti yọ̀ dé. Ojú rẹ̀ funfun ju ilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Noeline. Ẹ gbé e fún mi."

"Okùn ṣì wà nílẹ̀."

"Mo máa lọ gbé e padà. Ẹ lọ jókòó."

"Okùn wo lo máa lọ gbé padà? Ìwọ lo mú un bọ́?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá wa gbé. Lórí òkè wa, ẹni tí okùn bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, òun ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè lọ dá a padà. Yóò gbé síkì lé èjìká. Ẹ́ńjìnnì yóò wà ní pípa. Ẹnikẹ́ni kò ní yọ̀, a ó dúró nísàlẹ̀, a ó sì máa bú u títí yóò fi dé ibẹ̀. Èébú ni owó ibodè. Dókítà ti gùn ún. Olùkọ́ àgbà ti gùn ún, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì bú u dé òkè pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Dougal gùn ún nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń sunkún, ikun imú ń dì sí ètè rẹ̀, Noeline ló sì pariwo jù nísàlẹ̀ níbí: "Dougal! Òkè ò ní sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ!"

"Àṣà lásán ni," ni Dougal wí jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe òfin."

"Òfin tìẹ, ọjọ́ wo lẹ ṣe é?"

"Noeline, irin ló wà nínú ìbàdí yín."

"Irin ló wà nínú òpó náà. Ṣé ó ti ṣubú?"

Ó gbé síkì tó ṣẹ́ kù kúrò lẹ́sẹ̀. Alby ti mú èkejì wá. Ó gbà á, ó kó méjèèjì lé èjìká ọ̀tún, ó sì yí ẹ̀yìn padà sí wa.

"Ẹ tẹ̀lé e," ni Dougal sọ fún Mele.

"Ẹ má tẹ̀lé mi," ni Noeline wí, láì wẹ̀yìn.

*

Ìgbésẹ̀ kan. Ó gbá imú bàtà wọnú yìnyín, ó dán an wò, ó gbé ara lé e. Òmíràn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣáájú, òsì á wá bá a, bí ẹni gun àkàbà. Ìsinmi. Èéfín ẹnu rẹ̀ gòkè.

A dúró. A ń wò ó.

A dákẹ́.

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀. Mele ka ọwọ́ mọ́ àyà. Alby wo inú ife rẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà pẹ̀lú wa yọ fìlà, bí ẹni pé òkú ni wọ́n ń gbé kọjá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gòkè tẹ̀lé e.

Ó dé òpó kìíní. Ó dúró. Ó yíjú padà, síkì èjìká rẹ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín?"

A tẹjú mọ́ yìnyín.

"Mo ní kí ló ṣe yín? Ẹ ti kú ni? Ẹ bú mi!"

Ohùn rẹ̀ lu òkè kejì, ó padà wá.

"Ẹ bú Lindsay nígbà tirẹ̀! Ẹ bú dókítà! Ẹ bú olùkọ́ títí ó fi fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀! Kí lèmi ṣe fún yín? Ṣé mo ti di ẹni tẹ́ ẹ ń káàánú? Ẹ bú mi, ẹ̀yin ọmọ àlè!"

Alby gbé ife kalẹ̀ sórí yìnyín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Noeline! Ìgbín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ! Ó ní kí n bá òun kí ọ!"

"Sọ fún un pé ó jọ ọ́ lójú!"

"Ó ní òun á ti se oúnjẹ tán kó o tó dé!"

Ó yíjú sókè. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ẹnu wa sì là.

"Àǹtí! Mo máa padà síbi iṣẹ́ ní alẹ́ ọ̀la o! Ṣé ẹ á ti dé?"

"Noeline, ẹ sáré, yìnyín ń yọ́!"

"Mo rí Duchess! Ó ti wà lórí góńgó, ó ń yé ẹyin!"

Èyí mú un dúró. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó fì í sí wa lọ́nà tí a kì í fi ọ̀pá sí ènìyàn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó kọjá òpó kejì. Ó kọjá ìkẹta. Níbi Ẹ̀yìn Àgbò ni ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúró bí ògiri. Ó gbá imú bàtà, ó yọ̀. Ó tún gbá a, ó yọ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ́, orí rẹ̀ kan yìnyín. Èébú wa bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Alby yọ ọwọ́ lẹ́nu.

Dougal ti ń rìn lọ sí ìdí òkè. Mo rò pé ó fẹ́ lọ gbé e. Ó dúró níbi tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí ga. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Ó yọ wọ́n.

"Noeline!"

Ohùn rẹ̀ ṣẹ́. Ó tún un ṣe.

"Noeline! Òkè ò ní sọ̀kalẹ̀ wá bá yín!"

Gbogbo wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yàtọ̀ sí ti ìṣáájú.

Lókè lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ gbéra kúrò nínú yìnyín. Kò wẹ̀yìn. Ó mú síkì kan kúrò léjìká, ó gún ìdí rẹ̀ bọ ilẹ̀ lókè orí rẹ̀, ó sì fa ara rẹ̀ gòkè lórí rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó tún un gún. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gun Ẹ̀yìn Àgbò. Mi ò rí ẹni tó gùn ún bẹ́ẹ̀ rí. Kò lẹ́wà.

Ó dé òpó kẹrin. Ó dì mọ́ ọn. Ó sinmi níbẹ̀, apá rẹ̀ ká òpó náà mọ́ra, bí ẹni tó rí ọ̀tá rẹ̀ láàárín èrò, tí kò sì mọ ẹlòmíràn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé okùn. Okùn tó ti mu omi wúwo. Ó gbé e dé orúnkún, ó jábọ́. Ó gbé e dé àyà, ó jábọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká òsì, ó dì mọ́ òpó, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ru ẹrù, títí okùn fi kan etí wíìlì. Ó fi ọwọ́ awọ tì í wọlé, ó dún: Kó.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo ta ẹ́ńjìnnì jí. Okùn sáré.

Okùn ń kọjá níwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀mú wà lára ìbàdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì gbà á. Ó lè so ó mọ́ ọn, kó lọ dé góńgó. Gbogbo wa retí rẹ̀. Mo rò pé Dougal náà retí rẹ̀, mo sì rò pé kò ní sọ nǹkan kan.

Ó wọ síkì rẹ̀. Ó yí ojú sí ìsàlẹ̀.

Ó ń bọ̀. Bó bá ń yà sí ọ̀tún, ó ń yà gẹ́rẹ́. Bó bá ń yà sí òsì, ó ń já a kúkurú, nítorí ìbàdí. Ó gba apá kejì okùn, yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ń tú sókè lórúnkún rẹ̀. Kò yára. Kò ṣubú. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun, ọ̀tún gígùn, òsì kúkurú, láti òpó kẹrin títí dé iwájú ilé ẹ́ńjìnnì, òun nìkan ṣoṣo.

Ó dúró níwájú Dougal. Ó tú bẹ́líìtì. Ó ká a mọ́ ẹ̀mú, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Gbà."

"Noeline, ẹ gbọ́ …"

"Okùn bọ́. A jọ sọ ọ́, àbí a ò jọ sọ ọ́?"

"A jọ sọ ọ́."

"Ó dára. Gbé e kọ́ síbi tó bá wù ọ́. Ti ẹgbẹ́ ni okùn. Òkè kì í ṣe ti ẹgbẹ́."

Dougal wo ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ipa tí Noeline fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wo Noeline.

"Kí ló dé tó o fi ń wò mí?" ni Noeline wí. "Padà síbi iṣẹ́ rẹ. Iná àwọn ènìyàn wà ní pípa."

Ó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ Alby. Alby da tíì fún un, ó fi ṣúgà sí i láì bi í.

"Báwo ni ìbàdí?"

"Ó ń ké bí ajá tí wọ́n tì mọ́ta." Ó mu tíì. "Ìwọ lo sọ ti Duchess yẹn?"

"Mele ni."

"Ọmọ dáadáa ni. Àwa méjì la máa jẹ adìẹ náà."

Lẹ́yìn Ọjọ́rú yẹn, Noeline Strachan kò so mọ́ okùn mọ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú tí yìnyín bá wà, ó ń fi ẹsẹ̀ gòkè dé òpó kẹrin, ó ń yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń wakọ̀ lọ sílé.